Àtẹ̀gùn Kọkànlá

Ní Valparaíso, etí òkun ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀,
orí òkè ló ti ń sùn.
Ẹni tó bá fẹ́ ra búrẹ́dì á sọ̀ kalẹ̀,
ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á tún gòkè.
Àbúrò mi Yasna, aránṣọ,
kò sọ̀ kalẹ̀, kò gòkè, fún oṣù mẹ́jọ
lẹ́yìn tí a sin ọkọ rẹ̀.
Orí àga ọkùnrin náà ló wà láti àárọ̀ dalẹ́.
Abẹ́rẹ́ dógùn-ún lára aṣọ tí kò rán tán.
Bí a bá kí i, ó di ìgbà tí omi tíì bá hó
kó tó dáhùn.

Dókítà Quilodrán ò kọ oògùn tuntun fún un.
Ó ní, "Àtẹ̀gùn wà níwájú ilé yín. Gùn ún."
Yasna wò ó bí ẹni ń wo wèrè.

Mọ́kànlá péré lọ́jọ́ kìíní.
Èmi ni mo ń kà á.
Ó jókòó sórí kọkànlá, èémí rẹ̀ ń súfèé,
ó bú dókítà, ó bú ẹni tó kọ́lé sórí òkè,
ó wá bú ọkọ rẹ̀ tó kú fi í sílẹ̀.
Ajá pupa kan tí kò lẹ́ni wá dùbúlẹ̀ tì í.
Láti ọjọ́ ìsìnkú, n kò gbọ́ kó bínú sí ẹnikẹ́ni.
Èébú náà dùn létí mi bí àdúrà.

Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, tí òdòdó ń yọ lára ògiri,
ó ti ń dé òkè pátápátá:
ọgọ́jọ àtẹ̀gùn ó lé kan.
Oorun padà sójú rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn.
Ó rẹ́rìn-ín sí ẹyẹ òkun tó jí wa ní búrẹ́dì.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn o,
àmọ́ inú orí mi ni ilẹ̀ ti ń mọ́."
Ó ra abẹ́rẹ́ tuntun,
ó rán ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ tó ya lórúnkún.

Ọjọ́ wo gan-an ni oyin bẹ̀rẹ̀ sí í korò?
Èmi tí mo ń kà á, n kò rí i.

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta,
ẹ̀ẹ̀mẹ́ta di méje, nínú òjò,
nínú kùrukùru tí kì í jẹ́ ká rí òkun.
Ó ń gùn ún, ó ń gún un:
orúnkún wú, ó fi àjákù aṣọ dì í.
Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ló fi ń kọ iye rẹ̀ sára ògiri ilé ìdáná,
ọjọ́ tí kò bá pé,
kì í bá ẹnikẹ́ni jẹun.
Baltazar pé ọmọ ọdún mẹ́fà.
Àbẹ́là ń jó, ìyá rẹ̀ ń bẹ lórí àtẹ̀gùn.
Mo jáde lọ pè é.
"Ó ku méjì," ló wí, kò dúró.
Ajá pupa gan-an ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo dì í mú lọ́rùn ọwọ́.
Mo ní, "Yasna, ta ló ń lé ọ?"
Omi tíì hó. Omi tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.
"Àga yẹn," ló wí.
"Bí mo bá dúró, yóò bá mi."

Báńdéèjì ti wà lórúnkún rẹ̀ báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Dókítà tó ní kó gùn ún
náà ló ní kó má gùn ún mọ́, kò lè wò wá lójú.
Mo gbé àga fún aládùúgbò.
Nírọ̀lẹ́, màá fà á lápá dé orí kọkànlá,
a ó máa wo bí iná ṣe ń tàn nínú ọkọ̀ ojú omi.
Ara rẹ̀ jókòó. N kò lè sọ ti ọkàn.
Lábẹ́ ìborùn, ìka rẹ̀ ń rìn lórí itan:
méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá.
Mo fi ọwọ́ mi lé e.
Ó dúró díẹ̀.
Ajá náà ti padà wá, ó ń họra.